Eré Àárọ̀ ní Èkó, Eré Àárọ̀ ní London

Ẹni tó bá ń sáré gba Mushin kọjá láago mẹ́fà àárọ̀ kò ní jìnnà kó tó gbọ́ ọ: "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń lé yín?" Ẹni tó béèrè kò ṣàṣìṣe. A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé wa. Ní Peckham, ní London, èèyàn mẹ́wàá á sáré kọjá lára yín láì gbójú sókè, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi yín léèrè ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wá sí ìlú òyìnbó rò pé ìyàtọ̀ ọ̀hún kò ju òtútù lọ. Wọ́n á ra jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa sáré bí wọ́n ṣe ń sá a nílé. Kò ní pẹ́ tí orúnkún á fi pè wọ́n lẹ́jọ́.

Aago ló kọ́kọ́ ń yí padà. Ní Èkó, láti January dé December, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje ni oòrùn ń yọ, nítorí náà ẹni tó ń jáde ní aago márùn-ún ààbọ̀ lè máa bá a lọ yípo ọdún. Ìdí tí a fi ń jí bẹ́ẹ̀ yéni: bí aago mẹ́sàn-án bá fi lù, ọ̀dà títì ti ń da ooru padà síni lójú, dánfó ti kún ọ̀nà, èéfín jẹnẹrétọ̀ ti bo àdúgbò. Ní London, lópin December, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni oòrùn ń yọ, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Ẹni tó bá wọ ibi iṣẹ́ láago méje, tó jáde láago márùn-ún, lè má fojú kan oòrùn láti Monday dé Friday. Nígbà tó bá di June, ilẹ̀ á ti mọ́ kí aago márùn-ún tó lù, kò sì ní ṣú títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ fi kọjá.

Nítorí náà, ẹ gbé eré ìgbà òtútù sí àkókò oúnjẹ ọ̀sán bí iṣẹ́ yín bá gbà á. Ìṣẹ́jú 25 nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sàn fún ọkàn ju wákàtí kan nínú òkùnkùn lọ, torí àìrí ìmọ́lẹ̀ wà lára ohun tó ń fa ìsoríkọ́ ìgbà òtútù. Ẹ má sì retí pé oòrùn December á ṣe fítámínì D fún yín níbẹ̀. Kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn ìjọba Britain ni pé kí gbogbo ènìyàn ronú lílo fítámínì D máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ láti ìgbà tí ewé bá ń rẹ̀ dé òpin òtútù, kí àwa aláwọ̀ dúdú sì ronú lílo ó yípo ọdún.

Ọ̀rọ̀ òógùn ló ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Kì í ṣe jíjáde òógùn ló ń mú ara tutù, gbígbẹ rẹ̀ lórí awọ ni. Afẹ́fẹ́ Èkó ti kún fún ọ̀rinrin, kò ráyè gba òmíràn, ni òógùn ṣe ń kán sílẹ̀ tótó tí ara ò sì tutù. Àyà á wá máa lù kíkankíkan lórí eré tí kò yá rárá. Nílé, ẹ má fi aago ọwọ́ wọn eré yín, èémí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: bí ẹ ò bá lè ki oríkì yín dé ìlà kejì láì mí gúlegúle, ẹ dẹsẹ̀. Ẹ mu pure water kan, ìyẹn sẹ́ńtílítà 50, ní nǹkan bíi wákàtí kan kí ẹ tó jáde. Bí eré bá máa kọjá ìṣẹ́jú 45, ẹ mú òmíràn dání. Bó bá kọjá wákàtí kan, omi lásán kò tó mọ́, torí iyọ̀ ti bá òógùn lọ: omi lítà kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí ẹ gé lórí, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó mu ún. Bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù kí ẹ ṣe òmíràn, iyọ̀ àpọ̀jù á dá kún òùngbẹ ni.

Ní London, òtútù máa ń fi òùngbẹ pa mọ́. Òógùn gbẹ kí ẹ tó rí i, ẹ ó sì rò pé ẹ ò làágùn. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́ kó gun òṣùwọ̀n ṣáájú eré àti lẹ́yìn rẹ̀: kílò kan tó bá dín kù, nǹkan bíi lítà omi kan ló jáde lára.

Àṣìṣe aṣọ kan wà tí a fi ń dá ẹni tuntun mọ̀ lọ́nà jíjìn: jákẹ́ẹ̀tì ńlá tó nípọn, àti síńgílẹ́ẹ̀tì òwú lábẹ́ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òwú ti fa òógùn mu. Bó bá dúró de iná ojú títì ní ìṣẹ́jú kan péré, òtútù á gba inú omi náà wọlé. Ẹ múra bí ẹni pé ojú ọjọ́ fi dígírì mẹ́wàá gbóná ju bó ṣe wà lọ. Aṣọ irú èyí tí wọ́n fi ń rán jẹ́sì bọ́ọ̀lù ni kó kan ara, torí òun kì í mu omi. Ẹ wá fi alápá gígùn kan lé e, kí ẹ sì bo etí àti ìka ọwọ́. Bí òtútù ò bá mú yín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, aṣọ yín ti pọ̀ jù. Ẹni tó ní ásímà kó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo imú títí ara á fi móoru, kó sì fi ìnhélà rẹ̀ sápò.

Èyí tí àwọn òyìnbó kì í sábà ránni létí rẹ̀ ni jẹ́nótáìpù. Ẹni tó jẹ́ SS, òtútù lè dá ìrora fòníkú-fọ̀ladìde sílẹ̀ fún un ní London, àìmumi tó sì lè ṣe é ní Èkó. Kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ AS náà, kó má sá eré àsápajúdé nínú ooru nígbà tí ara rẹ̀ ò tíì mọ́ ọn.

Ní ti ojú ọ̀nà, ìlànà kan náà ni, ọwọ́ tí a ń gbà ló yàtọ̀: níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Nàìjíríà ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ sáré lọ́wọ́ òsì. Britain ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì, ẹ bọ́ sí ọ̀tún. Ní Èkó, ẹ ṣì máa wẹ̀yìn, torí ọ̀kadà tó ń gba wọ́n-wéè ò mọ ìlànà kankan. Ẹ má sì fi gbogbo ara tẹ pákó kọnkéré orí gọ́tà. Ẹ wo igun rẹ̀, bí irin bá ti yọ, tó ti ń ta ìpẹtà, ẹ fò ó. Afárá Lekki sí Ikoyi kò ní wàhálà yìí: ó gùn ní kìlómítà 1.36, ó ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sì ti kọjá kìlómítà márùn-ún.

Ewu London rọra wà nílẹ̀ ni. Ewé tútù ń yọ̀ bí ilá. Yìnyín kan sì wà tó máa ń tẹ́ sórí ọ̀dà láàárọ̀ tí ojú kì í rí i. Bí ara ọkọ̀ tó wà níta bá funfun, ẹ gba orí koríko tàbí kí ẹ sún eré sí ọ̀sán. Ọgbà míì máa ń ti géètì bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ka àkọlé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n má tì yín mọ́ inú. Ti Hyde Park ṣí láti aago márùn-ún àárọ̀ di aago méjìlá òru.

Kánfáàsì òkìríkà kì í ṣe ẹ̀gàn, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá wọlé rárá, fóòmù ti kú, ojúgun yín ló máa san gbèsè rẹ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì kí ẹ wò ó látẹ̀yìn, bó bá dà sápá kan, ẹ dá a padà fún ìyá ọlọ́jà. Títun pàápàá kì í sábà kọjá kìlómítà 500 sí 800. Bó bá rẹ, ẹ má sá a sóòrùn Èkó, gọ́ọ̀mù á já. Bébà ìwé ìròyìn ni kí ẹ kì sínú rẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ètò Couch to 5K (láti orí àga dé eré kìlómítà márùn-ún) tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Britain, ń lò wúlò níbi méjèèjì: ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ yára rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ẹ sáré ìṣẹ́jú àáyá 60, ẹ rìn 90, títí ogún ìṣẹ́jú á fi pé. Ó máa ń jọ eré ọmọdé, òun ló ń mú káwọn ọkùnrin wa fo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èémí wọn gbà á. Egungun ojúgun kì í tètè le bíi ti èémí.

Ní ti ọkàn, òdìkejì ara wọn ni ìlú méjèèjì. Nínú ilé tí ìdílé mẹ́jọ ń pín kànga ní Èkó, ogójì ìṣẹ́jú lórí títì lè jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò ní pè yín. Ẹ dá nìkan sá a. Ní London, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó lóru lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá ẹgbẹ́. Paul Sinton-Hewitt bẹ̀rẹ̀ parkrun, eré àjọsá inú ọgbà, ní Bushy Park ní London ní 2 October 2004 pẹ̀lú èèyàn 13. Lónìí, ọgbà púpọ̀ ló ń ṣe é, Burgess Park àti Peckham Rye wà lára wọn: Sátidé, aago mẹ́sàn-án, kìlómítà márùn-ún, ọ̀fẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gbàgbé báákóòdù yín sílé, ẹ lè sáré, àmọ́ àkókò tí ẹ fi sá a ò ní wọ ìwé. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa rìn bọ̀ lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ẹ ò lè ṣèkẹyìn. Ìlànà NICE ti 2022, tí àwọn dókítà NHS ń tẹ̀lé, ka eré ìdárayá ẹlẹ́gbẹ́ mọ́ ìtọ́jú ìsoríkọ́ tí kò le. Ẹni tó bá wà lórí oògùn kó má torí eré dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ìrìn àjò December ló ń dá ìdààmú sílẹ̀ jù. Ẹni tó ń sá kìlómítà mẹ́wàá ní London á dé Èkó lónìí, á jáde láago mẹ́jọ ọ̀la, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó ní kìlómítà kẹta. Fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ sì jáde kí oòrùn tó yọ. Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá bo ilé tó wà lókèèrè mọ́lẹ̀, ẹ rìn. Bí òtútù bá ń mú yín nínú oòrùn, tàbí tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ yín lẹ́nu, ẹ bọ́ sábẹ́ igi, ẹ da omi sórí àti sára, kí ẹ ké sí ẹni tó wà nítòsí. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ló ń gba ara láti mọ ooru: òógùn á máa tètè jáde, iyọ̀ inú rẹ̀ á dín kù, àyà á sì rọlẹ̀ lórí eré kan náà. Ọ̀sẹ̀ méjì sì ni ìsinmi púpọ̀ nínú wa. Ọjọ́ tí ooru bá mọ́ni lára tán ni ọkọ̀ òfuurufú ń gbéra.