Ẹ Gbójú Kúrò Lára Òǹtẹ̀ Ná

Ẹ̀yin àbúrò tó ń yẹ owó àtijọ́ wò, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé dọ́là Sípéènì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ orí Ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ lọ́rùn wá, ẹ ó gbé awò lé òǹtẹ̀ náà, ẹ ó sì ní ojúlówó ni. Ẹ gbójú kúrò lára òǹtẹ̀ ná.

Àkọ́kọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Dọ́là Sípéènì náà, tí iye rẹ̀ jẹ́ réàlì mẹ́jọ ní owó Sípéènì, tí kò tíì gbó jù máa ń tó bíi gíráàmù 27. Èkejì, ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ òṣùwọ̀n, ẹ rì í sínú omi, kó má kan ìdí ife, kí ẹ tún un wọ̀n bó ti wà nínú omi. Fàdákà gidi yóò fi bíi gíráàmù 2.6 fúyẹ́ sí i. Bó bá fi 3 fúyẹ́, bàbà ni wọ́n fi fàdákà bò. Ẹ̀kẹta, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá; ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ibi tí ẹ ti ń ṣubú gan-an nìyí: owó yóò yege nínú omi àti lórí òṣùwọ̀n, òǹtẹ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ ayédèrú.

Ní February 1797 ni Bank of England dáwọ́ dúró, kò fi wúrà san ìwé owó rẹ̀ mọ́. Ní March, wọ́n kó dọ́là Sípéènì jáde, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ kékeré lé e, irú èyí tí ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà London fi ń ṣàmì sára ohun èlò fàdákà pé a ti san owó orí rẹ̀. Ṣílè 4 àti kọ́bọ̀ (pẹ́nì) 9 ni wọ́n dá lé e. Owó ṣílè 5 ni wọ́n ń pè ní adé níbẹ̀, làwọn ará ìlú bá ń ṣẹ̀fẹ̀: orí ọba méjì, ti Sípéènì àti ti George, síbẹ̀ kò tó adé kan. Ṣùgbọ́n dọ́là tí kò ní òǹtẹ̀ kò wọ́n tó iye yẹn lọ́jà. Kí ni oníjìbìtì ń fi bàbà ṣe? Ó ra dọ́là gidi, ó gbẹ́ òǹtẹ̀ tí kò tó èékánná, ó lù ú, ó jèrè. Fàdákà ò parọ́, òṣùwọ̀n ò parọ́, òǹtẹ̀ nìkan ló parọ́. Kí October tó parí, Bank ti ń kó wọn padà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n tún dán an wò ní 1804, òǹtẹ̀ onígun mẹ́jọ ni wọ́n kàn fi pààrọ̀. Ayédèrú tún dé, kí wọ́n tó kó dọ́là fún Matthew Boulton, onílé-iṣẹ́ tó ń lu owó ní Birmingham, láti tẹ gbogbo ojú rẹ̀ tuntun. Ẹ gbé irú èyí sí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà Sípéènì á máa yọjú lábẹ́ rẹ̀ nígbà mìíràn.

Ó dáa, ẹ yí tiyín sẹ́yìn. Ibi tó kọjú sí òǹtẹ̀ máa ń tẹ́ díẹ̀, nítorí ìlù ni. Lẹ́yìn náà ẹ wo inú kòtò òǹtẹ̀: bí ara owó bá dúdú tí kòtò náà ń dán, àná ni wọ́n lù ú. Ẹni tó bá ti fọ̀ ọ́ ti nu ẹ̀rí yìí dànù. Fún ayédèrú 1797 gan-an, ìdọ̀tí inú rẹ̀ náà ti pẹ́; àfi kí ẹ fi irun, àgbọ̀n àti etí òǹtẹ̀ náà wé àwòrán èyí tó dájú ní British Museum. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé dọ́là ojúlówó, òǹtẹ̀ ayédèrú ayé ìgbà náà.