Kí Ẹ Tó Kọ Ìtàn Ìgbé Ayé Bàbá Yín

Nígbà tí bàbá mi jáde láyé ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbé ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú, nítorí pé olùkọ́ ni mí, wọ́n sì gbà pé ẹni tó ń fi ìwé jẹun kò ní ṣàìmọ ohun tí yóò kọ. Mo jókòó ti fáìlì wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, mo to ìwé ìgbàsíṣẹ́ àti ìwé ìgbéga sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọdún tí wọ́n wọ iṣẹ́, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1976, mo kọ ọdún tí wọ́n fẹ̀yìn tì, orúkọ àwa ọmọ, àti ipò tí wọ́n dì mú nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Kò kún ojú ewé kan. Ẹni tí ó lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nínú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba ń tọ́jú, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Fọ́rẹ́sítà, ohun tí èmi àkọ́bí wọn mọ̀ nípa wọn kò ju èyí tí akọ̀wé ọ́fíìsì mọ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà lókè eèpẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ bá wọn dé ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì gbà á. Ẹ má rò pé igbó olókìkí nìkan ló ní ìtàn, irú èyí tó yí ahoro Ọ̀yọ́ Ilé ká, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991.

Èmi pẹ́ jù. Ìgbà tí bàbá mi ti wà ní mọ́ṣúárì ni mo wá bàbá àgbà kan lọ, tí ó ti bá wọn ṣe lébìrà ní nọ́sìrì, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀gbìn kéékèèké, tí mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi dé oko tíìkì tí wọ́n jọ gbìn. Tíìkì kì í ṣe igi ilẹ̀ wa; láti Éṣíà ni wọ́n ti mú un wá. Bàbá náà ní èso rẹ̀ le bí òkúta, pé wọn a rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọn a sá a sóòrùn tó bá di ọ̀sán, wọn a tún rẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, kí ó tó gbà láti hù. Bí ó bá lo ọdún kan ní nọ́sìrì, wọn a fà á tu, wọn a gé orí rẹ̀ ku bí ìka méjì, wọn a gé ìdí rẹ̀ náà, ìyókù a wá dà bí pákò tí ènìyàn fi ń rin ẹnu. Pákò yìí ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, mítà méjì síra, tí hẹ́kítà kan fi ń gba 2,500.

Ó já ewé tuntun kan, ó fi rin àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tó fọwọ́ kan osùn.

"Ọmọ ọ̀gá, ṣé o rí i? Ọ̀gá kì í jẹ́ ká fọ̀ ọ́ dànù títí a ó fi délé. Wọ́n ní kí ìyàwó wa lè mọ̀ pé iṣẹ́ la lọ."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí áńkáṣíìfù funfun tí ìyá mi máa ń fi ìkanra bó ní alẹ́ Sátidé, nítorí pé òun ni bàbá mi máa mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Epo pupa ni mo pe àbàwọ́n ara rẹ̀ láti kékeré.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo ti ń bá wọn bínú sí fún ọdún pípẹ́, ìyẹn ni pé wọn kì í sí nílé nígbà ọdún Kérésìmesì. Mo ti dá ẹjọ́ náà fúnra mi, mo sì ti dá wọn lẹ́bi. Bàbá àgbà yìí ló fi ojú iná hàn mí, ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n máa ń ro mọ́lẹ̀ yí oko ká kí ọyẹ́ tó mú, nítorí pé àsìkò tí koríko bá gbẹ ni ọdẹ máa ń kiná bọ igbó nítorí ọ̀yà, iná náà kò sì mọ ààlà igbó ọba. Inú ahéré ni wọ́n ń sùn lásìkò náà láti ṣọ́ iná. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn a kó àwọn lébìrà jọ sábẹ́ igi igbá kan, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, fún àdúrà, onígbàgbọ́ a gba tirẹ̀, mùsùlùmí a gba tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá. Igi igbá náà ṣì wà níbẹ̀ láàárín tíìkì, nítorí pé bàbá mi kò gbà kí wọ́n gé igbá tàbí ẹ̀mí, ìyẹn igi òrí, nígbà tí wọ́n ń pa igbó. (Ẹ̀mí tó ń lo bí ọdún 15 kó tó so ni àwọn eléèédú ń gé lulẹ̀ láàárín wákàtí kan báyìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.)

Bí ẹ bá ń bi òbí yín léèrè, ẹ má bi wọ́n pé báwo ni iṣẹ́ ṣe rí nígbà náà. "A dúpẹ́" ni wọ́n máa wí. Ẹ gbé irinṣẹ́ wọn síwájú wọn, kí ẹ ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn yín. Téèpù tí bàbá mi fi ń wọn igi wà nínú àpótí, mi ò sì bèèrè rí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa kún fún nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ, èyí tí gbogbo wa gbà pé gbèsè ni. Bàbá àgbà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìwọ̀n ìbú ọ̀gànwó ẹ̀yìnkùlé wa ni, tí wọ́n ń wọ̀n yíká ní ìwọ̀n àyà ènìyàn ní ọdọọdún.

Ìtàn ìgbé ayé náà di ojú ewé mẹ́rin, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sì gba owó kún owó. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ tó tẹ̀lé e, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin mú téèpù náà lọ sídìí ọ̀gànwó, ó di etí kan mú, mo yí i ká. Sẹ̀ǹtímítà 214. Mo fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ tiwọn.