Má gé ìdákẹ́jẹ́ náà

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni olóòtú máa ń fún mi lórí afẹ́fẹ́. Àgbàlagbà tí mo lọ bá sì lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ rédíò, mo máa ń pa ìyókù rẹ́ kí n lè tún téèpù náà lò. Ó ṣì ń dùn mí dọ́kàn.

Màmá agbẹ̀bí kan ló la ojú mi. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí wọn, àfi bí wọ́n ṣe dákẹ́ lójijì. Mò ń gbọ́ aago ara ògiri, mo sì ń gbọ́ bí ìka wọn ṣe ń ra etí aṣọ. Ìbéèrè ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ ọmọ tí kò yè. Mi ò gé ìdákẹ́jẹ́ yẹn títí dòní.

Dave Isay, oníròyìn rédíò, dá StoryCorps sílẹ̀ ní 2003: ènìyàn méjì á jókòó, wọn á bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, wọn á sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ohùn aráàlú lásán wá ń wọ ilé ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà. Inú mi dùn sí i gidigidi.

Ní tèmi, WAV, irú fáìlì tó ń pa ohùn mọ́ láìfún un pọ̀, ni mo fi ń gba ohùn, torí MP3, irú fáìlì tí wọ́n fún pọ̀ kó lè kéré, máa ń ju díẹ̀ nù lára rẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ń ṣe. Àkọ́kọ́ nínú wọn, ọwọ́ ẹni tó ni ohùn ló ń lọ.