Fítámì ojú Màmá kì í ṣe ti gbogbo ilé o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra fítámì ojú bí ẹni ra súìtì, ẹ bá mi ka èyí. Màmá mi ní macular degeneration, àìsàn àgbà tó máa ń ba àárín ohun téèyàn ń wò jẹ́, wọ́n á rí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ṣùgbọ́n ojú èèyàn gan-an ò ní hàn dáadáa. Dókítà ojú ní kí wọ́n máa lo fítámì AREDS2, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Houston ló ń fi í ránṣẹ́. Kò pẹ́, gbogbo ilé ti ń nawọ́ sí ike oògùn Màmá. Àbúrò mi ọkùnrin ní ìdènà ni, ìyàwó ẹ̀ ní fóònù ń dun òun lójú, bùròdá wa kan tó ń mu sìgá náà ní kí n bu díẹ̀ fún òun. Háà!

Mo bi dókítà, wọ́n ní ẹni tí ò bá ní àìsàn náà kó má lò ó. Ìwádìí AREDS, tí wọ́n fi dán irú fítámì yìí ti àkọ́kọ́ wò, tí National Eye Institute, iléeṣẹ́ ìwádìí ojú ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2001 fi hàn pé àwọn tí àìsàn yẹn ti dé ipele àárín lójú wọn, tàbí tó ti le gan-an lójú kan, ló ràn lọ́wọ́, ewu pé á le sí i láàárín ọdún 5 fi bí 25% dín kù. Kò dá ìríran tó ti lọ padà, kò sì dènà kí àìsàn náà má bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹ wá wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Zinc ibẹ̀ jẹ́ 80 mg, bẹ́ẹ̀ 11 mg ló tó ọkùnrin lójúmọ́, obìnrin 8, zinc tó bá sì pọ̀ jù máa ń lé copper kúrò lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi copper kún un. Vitamin E 400 IU ló wà ńbẹ̀, iye yẹn náà ni ìwádìí míì lò fún àwọn ọkùnrin tí jẹjẹrẹ prostate fi pọ̀ sí i láàárín wọn. Ti bùròdá wa ló tún le jù: beta-carotene, èròjà tí ara ń sọ di vitamin A, tó wà nínú ti àkọ́kọ́ máa ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fún amusìgá, èròjà méjì míì, lutein àti zeaxanthin, ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ nínú AREDS2 ní 2013. Ẹ yẹ ara ike wò dáadáa torí ti àtijọ́ ṣì wà lọ́jà. Sìgá gan-an sì wà lára ohun tó ń fa macular degeneration, kó jáwọ́ ńbẹ̀ ló máa ràn án lọ́wọ́ ju fítámì lọ.

Lutein tẹ́ ẹ ń wá kiri yẹn, ó wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ugwu àti pupa ẹyin.

Èmi o, glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan ẹ̀yìn ojú jẹ́, ló ń bà mí lẹ́rù jù fún àwa adúláwọ̀, kì í sábà dunni, á kàn máa jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀, fítámì kankan ò sì dá a dúró. Ẹni tó bá ti lé ní 40, tàbí tí glaucoma wà nínú ẹbí ẹ̀, kó gbé owó ike yẹn lọ fi wọn pressure ojú, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀yìn ojú ẹ̀ wò. Àbúrò mi ti gbà láti lọ, ìyàwó ẹ̀ ṣì ń bá mi jiyàn.