Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Mo Ti Bọ́ Lọ́wọ́ Lítíréṣọ̀

Asàlámù àlékùn ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi, gbogbo ará Ẹ̀pẹ́ nílé lóko. Alhamdulilahi rọbil alamin. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run Ọba o, torí result wa ti jáde, kò sí carry over kankan, ìyẹn iṣẹ́ téèyàn fìdí rẹmi nínú ẹ̀ tó ní láti tún ṣe, nínú tèmi mọ́, mo ti di ẹni tó ní NCE, ìwé ẹ̀rí tíṣà, lọ́jọ́ orí mi yìí, èmi tí wọ́n ní kí n lọ jókòó sídìí ẹja.

Àwọn tó mọ̀ mí lọ́jà ẹja Olúwo mọ̀ pé láàárọ̀ mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan, tó bá di ìrọ̀lẹ́ mo ti wà lọ́jà. Ọdún ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó wá dé pẹ̀lú òfin pé tíṣà tí kò bá ní NCE kó lọ wá a. Wọn ò purọ́ ṣá, òun ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí kéèyàn tó máa ṣe tíṣà. Ọdún 3 ni wọ́n fi ń kà á. Mo mú Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Social Studies torí mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, mo lérò pé noun àti verb la máa máa ṣe. Ta ló sọ fún mi pé lítíréṣọ̀ máa pọ̀ tó báyẹn!

Ìtàn àròsọ ò yọ mí lẹ́nu, ìtàn ni ìtàn ń jẹ́. Eré orí ìtàgé gan-an dùn mọ́ mi. A ṣe The Gods Are Not to Blame tí Ọlá Rótìmí kọ, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1968, wọ́n ní inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló ti mú un jáde, ṣùgbọ́n kí ló kàn mí kan Gíríìsì, ọba, ifá, ìyá àti ọmọ ni mo rí níbẹ̀. Ọba tó pa bàbá tó bí i láìmọ̀, tó wá fi ìyá ẹ̀ ṣaya láìmọ̀, tó tún ń búra pé òun á wá ẹni tó dá ìlú láàmú jáde! Àwa tá à ń wòran ti mọ̀ pé òun fúnra ẹ̀ ni, òun nìkan ni ò mọ̀. Mo ka ibẹ̀ dé ibì kan, mo pa ìwé dé, mo ní lahaula.

Ewì ló fẹ́ pa mí. Ewì òyìnbó. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín bó ṣe rí, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí Ọlọ́run ti yọ mí. Wọ́n ní ká ṣe sonnet, ìlà 14, èyí tí Shakespeare máa ń kọ á jẹ́ ìlà 4, 4, 4, tá á wá fi 2 kádìí ẹ̀. Ìyẹn ò le. Wọ́n tún ní ìlà kọ̀ọ̀kan ní sílébù 10, ọ̀kan á fúyẹ́, ìkejì á wúwo, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé ìgbà 5, ká wá máa sàmì sí èyí tó wúwo. Ẹ gbà mí! Etí àwa Yorùbá, dò-re-mí ló mọ̀, ohùn ń gòkè, ohùn ń sọ̀ kalẹ̀. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, wọ́n á wá fo èkejì kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mo tẹ́tí tẹ́tí, mi ò gbọ́ wúwo, mi ò gbọ́ fúyẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa, mi ò ní dárúkọ, ó wo ìwé mi níṣojú gbogbo kíláàsì ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ò kúkú ní gbájú mọ́ ẹja yín?" Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ni ǹ bá ṣe? Mo délé, mo sunkún. Carry over jáde lóòótọ́. Àwọn ẹbí ọkọ mi náà wá bẹ̀rẹ̀ tiwọn, pé obìnrin tó ti fẹ́ẹ̀ di ìyá àgbà, kí ló ń wá nílé-ìwé. Bàbá àwọn ọmọ mi ò dá wọn lóhùn, ẹ̀bà ni wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn ọmọ tí mo bá ń kàwé, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Ọmọ tí Ọlọ́run fi gbà mí, ẹgbẹ́ ọmọ mi kejì ni, kíláàsì kan náà la wà. Ó wá ra ẹja lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ìwé ewì lábẹ́ òṣùwọ̀n, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má fojú kà á mọ́, ẹ jẹ́ n kà á sókè." Mò ń ha ìpẹ́ ẹ̀pìà lọ́wọ́, ìpẹ́ wà lápá mi títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní kí n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lu tábìlì níbi tóun bá ti tẹ ohùn mọ́lẹ̀. Ó ka ìlà kan, mo lu tábìlì, gbì, gbì, gbì, gbì, gbì. Márùn-ún! Ó ka òmíì, márùn-ún! Obìnrin kan tó wá ra àrọ̀ dúró ó ń wò wá, ó ní ìyá, ṣé wákà lẹ fẹ́ kọ ni? À ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àfi lójijì tí ọ̀bẹ ò bá ohùn mu mọ́, ọ̀rọ̀ tó wúwo ló bẹ̀rẹ̀ ìlà. Mo ní o ti ṣì í kà. Ó ní rárá o Mọ́mì, akéwì ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ibi tí ìlù bá ti yẹ̀ lẹ máa bi í pé kí ló dé. Ẹ gbọ́, látọjọ́ náà ni ewì ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fi handout kọ́ èèyàn ní ewì láì ka ewì náà sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni ń júwe ọbẹ̀ fún ẹni tébi ń pa ni lójú tèmi, kí inú má bí ẹnikẹ́ni o.

Inú Ràmádánì ni ìdánwò bọ́ sí. Tí mo bá ti jí se sààrì mi ò sùn mọ́, iná ò sí, fìtílà fóònù ni mo fi ń kàwé. Nínú gbọ̀ngàn, mò ń fi ìka lu tábìlì jẹ́jẹ́, ẹni tó ń ṣọ́ wa wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo ọwọ́ mi, ó wo abẹ́ ìwé mi, kò rí nǹkan kan, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ mi ló bá mi wo result lórí fóònù. B ni. Nínú ewì! Mo ké "Allahu akbar" débi pé àwọn aládùúgbò rò pé ẹnì kan kú.

Lọ́jọ́ Sunday tá a bá ti parí àsálátù, mo fẹ́ ṣe sàárà, jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹja tútù, kí gbogbo yín yà nílé mi. Ọmọkùnrin yẹn náà ń bọ̀, ẹ bá mi ṣàdúà fún un gidi gan-an. Àwọn ìwé lítíréṣọ̀ mi ṣì wà nílẹ̀, ẹni tọ́mọ ẹ̀ tàbí òun fúnra ẹ̀ bá fẹ́ wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, kó wá kó o, ọ̀fẹ́ ni, ìwé ewì yẹn nìkan ló ń rùn ẹja díẹ̀.