Omi inú táńkì: ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin àbúrò tó ń kó òróró àlòkù jọ lábẹ́ ISCC

Ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti mọ ohun tí ISCC EU jẹ́, ètò ìwé-ẹ̀rí tó ń fi hàn lábẹ́ òfin Yúróòpù pé òróró yín jẹ́ àlòkù lóòótọ́, ẹ sì mọ̀ pé ọdún kan ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ń lò, mi ò ní fi ìyẹn gùn. Àṣìṣe àtijọ́ tí mo tún ń rí lọ́wọ́ yín ló mú mi kọ̀wé.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: kí ẹ tó gbé kẹ́ẹ̀gì kankan, kí ilé oúnjẹ ti fọwọ́ síwèé pé òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan ni. Ibi tó bá ń mú tọ́ọ̀nù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá lóṣù, olùyẹ̀wò ISCC lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni omi, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Òróró tó ti ilé oúnjẹ wá kì í ṣe òróró nìkan. Omi wà nínú rẹ̀, àti èérún búrẹ́dì, àti ìyẹ̀fun tó jóná. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́nu géètì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ mú un gbóná nínú táńkì kó lè ṣàn, omi rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ ṣí ẹnu páìpù, ẹ dà á nù. Ohun tó kù ni ọjà yín. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹnu géètì ni akọ̀wé ti kọ sínú ìwé mass balance, ìyẹn ìwé tó ń fi òróró tó wọlé wé èyí tó jáde, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé omi ti lọ.

Ká ní tọ́ọ̀nù 100 tó níwèé, ìyẹn èyí tó wà lábẹ́ ISCC, ló wọlé láàárín oṣù mẹ́ta, tí omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kó 8 nínú rẹ̀. Ó ku 92. Ẹni tó ń tajà rí 100 nínú ìwé, ó fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́rìí, èyí tó ń bá ọjà lọ sọ́dọ̀ oníbàárà, fún 99. Ọkọ̀ kún, ìwọ̀n pé, nítorí òróró tí kò níwèé wà nínú táńkì kan náà, òfin sì gbà kí méjèèjì pò pọ̀. Ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí olùyẹ̀wò bá yọ ohun tó ṣòfò àti ohun tó jáde kúrò nínú èyí tó wọlé, tọ́ọ̀nù 7 ti di gbèsè. Wọ́n lè dá ìwé-ẹ̀rí dúró. Oníbàárà tó ti tà á fún ilé iṣẹ́ biodiesel (dísù tí wọ́n fi òróró ṣe) yóò béèrè owó rẹ̀ padà.

Ẹ má sọ pé 7 kéré. Òfin Yúróòpù gbà kí wọ́n ka epo ọkọ̀ tó wá láti inú òróró àlòkù lẹ́ẹ̀mejì nínú ìṣirò epo tí kò ba àyíká jẹ́, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga, ìdí nìyẹn náà tí àwọn olè fi ń da epo pupa tuntun mọ́ ọn. Nínú ìwé, tọ́ọ̀nù 7 tiyín àti 7 ti olè kò yàtọ̀. Inú sì ń bí mi sí àwọn ọ̀gá tó ń di ẹ̀bi ru akọ̀wé, tí wọn kò jẹ́ kó rí ìwé táńkì rí, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tó wọ táńkì àti ohun tó jáde sí.

Nítorí náà, ẹ wọn omi tí ẹ dà nù, kí ẹni tó dà á kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àkọsílẹ̀ tiyín ni kí ẹ fi ṣírò ohun tó ń ṣòfò; ẹ má yá ti ẹlòmíràn lò. Ẹ pa ìwé dé lóṣooṣù, ẹ má dúró de oṣù kẹta. Bí òróró tó níwèé tí ẹ kò tíì tà bá ṣẹ́ kù nínú ìwé, ẹ lè gbé e kọjá sí oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, bí òróró tó tó o bá ṣì wà nínú táńkì. Kí ẹ sì tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ fún ọdún 5, ó kéré tán.