Ẹ Rán An Tán Kí Ẹ Tó Ká A: Ohun Tí Iṣẹ́ Issey Miyake Kọ́ Wa

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ, àwòrán ni púpọ̀ nínú yín fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya àrà tó wù yín, ẹ wá wá aṣọ tó lè gbà á. Ilé iṣẹ́ Issey Miyake, adárà aṣọ ọmọ Japan, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dán wò: bí ooru bá kàn án ńkọ́, bí a bá ká a ńkọ́, ibo ló máa ń fà sí? Ohun tí aṣọ bá ṣe ni wọ́n fi ń dá àrà.

Hiroshima ni wọ́n ti bí Miyake ní 1938. Iṣẹ́ ọnà gráfíìkì ló kọ́ ní Tama Art University ní Tokyo, kó tó lọ sí Paris ní 1965, níbi tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn adárà aṣọ Guy Laroche àti Givenchy. Paris ló wà nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tú jáde sí ìgboro ní oṣù Karùn-ún 1968. Láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀, yàtọ̀ sí èyí tí àwọn olówó díẹ̀ ń dá rán. Ó ya New York, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Geoffrey Beene, adárà aṣọ ọmọ Amẹ́ríkà, ó sì padà sí Tokyo láti dá Miyake Design Studio sílẹ̀ ní 1970. Ẹ má sì yọ Makiko Minagawa sẹ́yìn nínú ìtàn yìí: òun ló darí ṣíṣe aṣọ hínhun fún ilé iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láìsí irú rẹ̀, ìbéèrè tí a ń bi aṣọ kò lè ní ìdáhùn.

Pílíìtì, ìyẹn ìká tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tẹ̀ mọ́ aṣọ lára, ni kí ẹ fi kọ́ ọ̀nà yìí. Látijọ́, wọ́n á ká aṣọ ní pílíìtì tán kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n tó rán an. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Miyake yí i padà: wọ́n gé ẹ̀wù ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, wọ́n rán an tán pátápátá, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi tákàdá sí i lókè àti nísàlẹ̀, tí wọ́n sì kó o sínú ẹ̀rọ gbígbóná. Àwọn oníjó Frankfurt Ballet, ẹgbẹ́ oníjó kan ní Germany, wọ irú rẹ̀ ní 1991. Ní 1993 ó di Pleats Please, orúkọ tí wọ́n fi ń ta irú ẹ̀wù náà. A-POC (ìkékúrú “A Piece of Cloth”, ìyẹn ẹyọ aṣọ kan) tí Miyake àti Dai Fujiwara gbé jáde ní 1998 tún lọ jìnnà sí i: ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ti hun ìlà ẹ̀wù mọ́ inú aṣọ, ẹni tó rà á ló ń fi sísọ́ọ̀sì gé e, etí rẹ̀ kò sì ní tú.

Pọlíẹ́sítà ni pílíìtì yìí ń fẹ́. Ooru ń mú fọ́nrán rẹ̀ rọ̀, bó bá sì ti tutù, ibi tó bá wà náà ló máa ń dúró sí. Aṣọ òwú kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ títí, bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, ó tú nìyẹn.

Ìṣirò ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Pílíìtì tó sùn lé ara wọn láìsí àlàfo ń gba ìlọ́po mẹ́ta: bí sẹ̀ǹtímítà 1 bá hàn, 2 wà lábẹ́ rẹ̀. Bí pílíìtì bá ti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, ìbú nìkan ló ń dín kù, gígùn kò yí padà. Iwájú ẹ̀wù tó máa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ní ìbú àti 65 ní gígùn, 120 ní ìbú àti 65 ní gígùn ni ẹ óò gé, yàtọ̀ sí ti ojú rírán. Ọrùn tí ìbú rẹ̀ máa jẹ́ 18, ẹ là á ní 54, kí jíjìn rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Apá ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Bí apá bá nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀wù, tí pílíìtì kan náà sì gba orí méjèèjì kọjá, gígùn apá ló máa kúrú, ìbú rẹ̀ kò ní dín. Apá 20 gbọ́dọ̀ jẹ́ 60 lórí pátánì, ìyẹn tákàdá tí ẹ fi ń gé aṣọ. Bí ẹ bá gé e ní 20, kò ní tó 7 bó bá jáde.

Ẹ kọ́kọ́ fi àjákù aṣọ sẹ̀ǹtímítà 30 ní 30 dán an wò. Ẹ ká a pọ̀ mọ́ tákàdá, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 180, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó tú u. Bí ẹ bá tú u nígbà tó ṣì gbóná, pílíìtì máa là. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wọn ìbú rẹ̀. Iye tó bá fún yín ni kí ẹ fi ya pátánì, ẹ má rọ̀ mọ́ ìlọ́po mẹ́ta orí ìwé.

Ojú rírán tó nípọn kì í jẹ́ kí pílíìtì mú, nítorí náà ẹ gé etí inú rẹ̀ kù sí nǹkan bí mílímítà 5, ẹ má sì ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ lé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí okùn ìránṣọ náà jẹ́ pọlíẹ́sítà, kó lè gba ìká bí aṣọ ṣe gbà á. Síìpù àti bọ́tìnnì kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ, wọ́n á ya tákàdá, wọ́n á sì fi àpá sára aṣọ. Ẹ̀wù tí a ń ti orí bọ̀, tí kò ní ohun ìdè kankan, ló bá ọ̀nà yìí mu jù.